Ojú Ìpàdé Inú Bátìrì Lítíọ́mù Líle: Kí Ẹ Tó Fi Awọ Bò Ó, Ẹ Kọ́kọ́ Mọ Ohun Tó Ń Ṣe É

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Pélẹ́ẹ̀tì LLZTO (séràmíìkì líle tí áyọ́nù lítíọ́mù, ìyẹn átọ́ọ̀mù lítíọ́mù tó gbé iná lára, ń gba inú rẹ̀ kọjá dípò omi bátìrì) ni mò ń lò, ó nípọn tó mílímítà 1, mo sì fi lítíọ́mù sí ojú rẹ̀ méjèèjì. Ìdènà rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 1400 Ω·cm². Bí mo bá ti gbé iná dé 0.1 mA/cm² báyìí, ó ti ṣọ́ọ̀tì. Ẹnìkan ní kí n fi awọ (ìpele tín-ín-rín ohun mìíràn) bo ojú pélẹ́ẹ̀tì náà, ẹlòmíràn ní kí n kàn fún un mọ́ra sí i. Èwo ni kí n ṣe? Mo tún fẹ́ bọ́ sórí súlífáìdì, ìyẹn Li6PS5Cl (ohun líle tó ní imí ọjọ́, tó ń ṣe irú iṣẹ́ LLZTO) pẹ̀lú NMC811 (ohun èlò kátóòdù, apá rere bátìrì). Ṣé ìtọ́jú kan náà ni yóò gbà?"

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Àwọn tó gbà yín nímọ̀ràn kò purọ́, àmọ́ àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni oògùn wọn wà fún. Bí a bá sọ pé ojú ìpàdé kò dúró, ohun mẹ́ta ló lè jẹ́. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí tó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó to bátìrì náà. Ó lè jẹ́ pé ohun méjì tó fara kanra ti ń já kúrò lára ara wọn bí iná ṣe ń kọjá. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ń jẹ ara wọn níbi tí wọ́n ti pàdé. Bátìrì olómi kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìṣòro kejì yìí lára, torí omi a máa wá ihò wọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun líle kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀: ibi tó bá ti já, ó já náà nìyẹn.

Ọ̀nà tó yá jù láti dá wọn mọ̀ ni pé kí ẹ wo ìgbà tí ìdènà náà ń pọ̀ sí i. Tó bá ti pọ̀ látọjọ́ tí ẹ ti to bátìrì, tí iná kankan kò tíì kọjá nínú rẹ̀, ìdọ̀tí ni, tàbí ìfarakanra tí kò dára látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá kéré lákọ̀ọ́kọ́, àmọ́ tí ẹ gbé e kalẹ̀ lásán láìfi iná sí i, tó sì ń ga láti wákàtí dé wákàtí, wọ́n ń jẹ ara wọn ni. Tó bá dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí ẹ gbé e kalẹ̀, àmọ́ tó ń ga kìkì nígbà tí lítíọ́mù bá ń ṣí kúrò ní ojú kan, ihò ló ń yọ níbẹ̀. Ìdánwò impedance (fífi iná kékeré tó ń lọ tó ń bọ̀ wọn ìdènà) láti 1 MHz wálẹ̀ dé 0.1 Hz, lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan kí ẹ tó fi iná sí i rárá, ti tó láti ya ìdọ̀tí àti jíjẹ-ara-ẹni sọ́tọ̀; ti ihò á hàn nígbà tí iná bá ń kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe é. Wọ́n á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra ohun èlò awọ.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sórí 1400 tiyín. LLZTO tó dára máa ń gbé áyọ́nù ní ìwọ̀n bíi 0.5 mS/cm ní 25 °C. Ẹ fi 0.0005 pín 0.1 cm tí pélẹ́ẹ̀tì yín nípọn, 200 Ω·cm² ló máa bọ́ sí. Ti pélẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ó ku 1200, ojú méjì ló sì jọ pín in, 600 kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú LLZO (ìdílé tí LLZTO yín ti wá) tó mọ́, tí lítíọ́mù sì lẹ̀ mọ́ dáadáa, kò yẹ kó ju nǹkan bíi 10 lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yín kò tíì kan ihò tàbí jíjẹ-ara-ẹni. Pélẹ́ẹ̀tì yín dọ̀tí ni.

Ìdọ̀tí náà ni Li2CO3, ìyẹn lítíọ́mù kábónétì. Bí LLZO bá wà nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó máa ń fi lítíọ́mù ara rẹ̀ gba háídírójìn lọ́wọ́ ọ̀rinrin. LiOH (lítíọ́mù háídírọ́síáìdì) á yọ sójú, òun náà á fa káábọ́nì dáyọ́síáìdì inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á wá di Li2CO3. Lítíọ́mù kò sì fẹ́ rí Li2CO3 sójú. Ẹ kán lítíọ́mù yíyọ́ lé e lórí, ṣe ni yóò ká jọ roboto bí omi lórí ewé kókò. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2017, igun tí lítíọ́mù fi jókòó lórí LLZO wálẹ̀ láti 146° sí 95° nígbà tí wọ́n fọ ojú rẹ̀ mọ́, ìdènà ojú ìpàdé sì wálẹ̀ dé 2 Ω·cm² láìsí awọ kankan. Lítíọ́mù líle tí ẹ kàn tẹ̀ mọ́ ọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: orí àwọn ibi gíga díẹ̀ nìkan ló ti ń fọwọ́ kan pélẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó ń fa ṣọ́ọ̀tì yín náà nìyẹn. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ojú náà ló fara kanra, gbogbo iná yín á gba ibẹ̀ kọjá. Lórí ìwé, 0.1 mA/cm² ni ẹ fi sí i. Ní àwọn ibi tó fara kanra wọ̀nyẹn, 1 mA/cm² ni. Lítíọ́mù á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbòǹgbò wọ inú pélẹ́ẹ̀tì láti ibẹ̀, bí ìgbà tí ogiri bá sán.

Bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ nìyí. Inú àpótí ágọ́nù ni kí ẹ ti ṣe é, kí omi àti ọ́síjìn inú rẹ̀ má ju 1 ppm lọ. Ẹ fi sáńpépà gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ láti 400, ẹ bọ́ sí 600, kí ẹ parí rẹ̀ sí 1200. Ẹ má fi omi sí i, ẹ má fi ọtí tí a kò gbẹ omi inú rẹ̀ sí i pẹ̀lú. Ẹ nu lẹ́bú rẹ̀ kúrò, torí lẹ́bú tó bá kù síbẹ̀ ni yóò gbé lítíọ́mù dúró lókè. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé pélẹ́ẹ̀tì sínú iná ìléru tó wà nínú àpótí náà tàbí tó so mọ́ ọn, kí ó gun òkè ní 5 °C ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí dé 500 °C, kí ó dúró síbẹ̀ fún wákàtí 3, kí ó sì tutù nínú ágọ́nù náà. Ní 400 °C, LiOH á ti lọ, àmọ́ kábónétì ṣì lè kù, ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ dé 500. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á fi iná ìléru tó wà níta ṣe é dáadáa, wọ́n á wá gbé e gba inú afẹ́fẹ́ wọ àpótí. Ọwọ́ ọ̀tún ń kọ́ ọ, ọwọ́ òsì ń wó o ni.

Bí iná ìléru kò bá sí nínú àpótí yín, àsìdì HCl 1 M lè ṣiṣẹ́: ẹ rì í bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ fi étánọ́ọ̀lù tí kò lómi rárá ṣan án, kí ẹ sì gbé e wọlé kíákíá láti gbẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, torí àsìdì kan náà tó ń jẹ kábónétì yóò tún máa yọ lítíọ́mù kúrò nínú LLZO, yóò sì fi háídírójìn dípò rẹ̀.

Lítíọ́mù náà ní èépá tirẹ̀. Ẹ fi abẹ ha ojú rẹ̀ títí yóò fi máa dán bíi dígí, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ pélẹ́ẹ̀tì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ mú méjèèjì gbóná dé 170 sí 175 °C fún wákàtí kan tàbí méjì lábẹ́ ìfúnpá kékeré. 180.5 °C ni lítíọ́mù ń yọ́. Bí ẹ bá dúró díẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, yóò rọ̀ débi tí yóò fi wọ gbogbo kọ̀rọ̀ láìṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ awọ tó lè wáyé. Awọ Al2O3 tín-ín-rín tí a fi ọ̀nà ALD (títo átọ́ọ̀mù ní ìpele kọ̀ọ̀kan) tò lé garnet (ìdílé LLZO) ti mú ìdènà wálẹ̀ láti 1710 sí 1 Ω·cm², ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2017 ni. Wúrà tàbí fàdákà tó nípọn tó 10 sí 20 nm tún ń ràn án lọ́wọ́, torí lítíọ́mù máa ń pò mọ́ wọn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fi awọ lé orí Li2CO3 dà bí ẹni tó kun ọ̀dà lé irin tó ti dípẹtà. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ dáadáa, fún irú ìdánwò tí ẹ ń ṣe yìí, ẹ kò nílò ẹ̀rọ ALD.

Ká gbà pé ẹ ti fọ̀ ọ́, ojú kọ̀ọ̀kan sì ti di 20. Àròpọ̀ á jẹ́ 240 Ω·cm². Ní 0.1 mA/cm², fóltéèjì tó yẹ kí ẹ rí ni 24 mV. Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sílẹ̀ kí ẹ tó tan iná, torí òun ni yóò gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀tàn. Bí ẹ bá rí 3 mV tó tẹ́jú pẹrẹsẹ fún ọgọ́rùn-ún wákàtí, ẹ má yọ̀. Bátìrì náà ti ṣọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, ẹlẹ́kítírọ̀nù ló ń gba inú gbòǹgbò lítíọ́mù kọjá. Ẹ tún ṣe impedance: bí ìdajì òbìrìkìtì tó wà nínú àwòrán rẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá ti pòórá, ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Kò sí àléébù tó máa ń wọ inú àbọ̀ ìwádìí bí èyí: wọ́n á ya àwòrán fóltéèjì tó dúró ṣinṣin fún oṣù kan, wọ́n á pè é ní àṣeyọrí, bẹ́ẹ̀ okùn lítíọ́mù kan ló ń gbé gbogbo iná náà.

Bí ó bá ṣì ṣọ́ọ̀tì ní 0.1 lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ti mọ́, ẹ wọn pélẹ́ẹ̀tì. LLZTO tí kò ní ihò rárá wúwo tó bíi 5.5 g/cm³. Bí tiyín kò bá tó 5.2, ihò inú rẹ̀ pọ̀ jù, gbòǹgbò á sì rí ọ̀nà gbà. Ẹ gbé e síwájú iná kí ẹ wò ó. Ìlà dúdú tó gba àárín rẹ̀ kọjá, gbòǹgbò tó ti ta nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìfúnpá wá kàn. Nígbà tí lítíọ́mù bá ń ṣí kúrò, átọ́ọ̀mù rẹ̀ ń wọ inú ẹlẹ́kítíróláìtì (ohun tó ń gbé áyọ́nù, bíi pélẹ́ẹ̀tì yín), àlàfo sì ń ṣẹ́ kù sẹ́yìn. 1 mAh/cm² kan ṣoṣo ń kó lítíọ́mù tó nípọn tó bíi máíkírómítà 4.85 lọ. Bí iná bá lọ́ra, lítíọ́mù tó kù á rọra sún wá dí àlàfo náà. Bí iná bá yára jù ú lọ, àlàfo á di ihò, ihò á dara pọ̀, ibi tó ń fara kanra á dín kù. Nígbà tí ẹ bá yí iná padà, gbogbo lítíọ́mù á já lé orí ìwọ̀nba ibi tó kù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà tí lítíọ́mù ń bọ̀ ni bátìrì ń kú, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó ń lọ ni wọ́n ti pa á. Nínú Li6PS5Cl, wọ́n ti wọn iná tí ihò fi ń bẹ̀rẹ̀: 0.2 mA/cm² lábẹ́ 3 MPa, 1.0 mA/cm² lábẹ́ 7 MPa.

Ṣé kí a wá máa fún un lọ ni? Rárá o. Lítíọ́mù rọ̀ púpọ̀, ó sì máa ń ṣàn bí ohun rírọ̀ tí a bá tẹ̀ ẹ́ le. Nínú ìdánwò kan lórí Li6PS5Cl kan náà, 5 MPa gbé bátìrì kọjá 1000 wákàtí, 25 MPa mú un ṣọ́ọ̀tì lẹ́yìn bíi 48 wákàtí, 75 MPa sì mú un ṣọ́ọ̀tì kí iná tó kọjá nínú rẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ìwọ̀n tí ọwọ́ mọ̀. Pélẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ tó mílímítà 10 ní ojú tó tó 78.5 mm². 5 MPa lórí rẹ̀ jẹ́ bíi 390 N, ìyẹn ẹrù kílógíráàmù 40. 75 MPa jẹ́ kílógíráàmù 600. Bóòtì tí ẹ fi sípánà mú títí yóò fi le lè ti kọjá 40 náà tipẹ́tipẹ́ kí ẹ tó fura. Ẹ ra òṣùwọ̀n ẹrù kékeré tó ń jókòó sábẹ́ bátìrì, kí ẹ máa ka ìfúnpá náà lójoojúmọ́. Sípíríìǹgì inú bátìrì kékeré tó rí bí ẹyọ owó kò lè sọ iye kankan fún yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 0.05 mA/cm², kí ìyípo kọ̀ọ̀kan má ju 0.25 mAh/cm² lọ, kí ẹ sì máa fi 0.05 kún un. Bí ẹ bá lè ṣiṣẹ́ ní 60 °C, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Lítíọ́mù ń yára sún nínú ooru.

Ó kù súlífáìdì. Rárá, ìtọ́jú wọn kò jọra. Ohun tó ń ṣe LLZO ni pé kò fẹ́ fara kan lítíọ́mù. Ohun tó ń ṣe súlífáìdì ni pé ó fara kanra jù, ó sì ń jẹ ohun tó bá kàn. Ó rọ̀, ìtẹ̀ lásán tó láti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, àmọ́ nǹkan bíi 1.7 sí 2.0 V sí lítíọ́mù nìkan ni Li6PS5Cl fi lè jókòó jẹ́ẹ́ nípa ìṣirò. Nísàlẹ̀ rẹ̀, lítíọ́mù á sọ ọ́ di Li2S, Li3P àti LiCl. Ìyẹn kò burú púpọ̀, torí àwọn mẹ́ta yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ẹlẹ́kítírọ̀nù, awọ wọn sì máa ń fúnra rẹ̀ dá jíjẹ náà dúró. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí ẹ fi Li10GeP2S12 tàbí LATP (ẹlẹ́kítíróláìtì líle méjì mìíràn) kan lítíọ́mù ní tààrà. Gẹ̀máníọ́mù inú èyí àkọ́kọ́ á pò mọ́ lítíọ́mù, títáníọ́mù inú èkejì á yí padà, pélẹ́ẹ̀tì á dúdú. Awọ tó yọ níbẹ̀ ń gbé ẹlẹ́kítírọ̀nù, nítorí náà jíjẹ kò ní dúró títí ẹlẹ́kítíróláìtì yóò fi tán.

Wàhálà tó le jù wà lápá kátóòdù. NMC811 ń lọ dé 4.2 V àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, súlífáìdì kò lè fara da ìyẹn. Níhìn-ín ni awọ ti di dandan. LiNbO3 ni àwọn èèyàn ń lò jù, láti 2007, ní ìnípọn 5 sí 10 nm. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó pò ó. Ká ní NMC yín ní ojú tó fẹ̀ tó 0.5 m² nínú gíráàmù kan, awọ 7 nm á gba bíi mílígíráàmù 16 fún gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Fún gíráàmù 10, ìyẹn jẹ́ mílígíráàmù 160 LiNbO3: ẹ wọn mílígíráàmù 56 lithium ethoxide àti mílígíráàmù 344 niobium ethoxide nínú àpótí, ẹ yọ́ wọn sínú étánọ́ọ̀lù tí kò lómi, ẹ da NMC sí i, ẹ máa rò ó títí étánọ́ọ̀lù yóò fi gbẹ tán, kí ẹ wá sun ún ní 350 °C fún wákàtí kan nínú ọ́síjìn gbígbẹ. Ẹ má gbé ooru kọjá bẹ́ẹ̀ púpọ̀. LiNbO3 tó bá ti di kírísítà kì í gbé áyọ́nù bí èyí tí kò tíì létò. Bí omi bá kan niobium ethoxide kí ó tó lẹ̀ mọ́ NMC, yóò dì sínú ìgò ní funfun funfun, ìdọ̀tí lásán ni ẹ sì máa bá lára kátóòdù.

Ẹ fi NMC onípatíkù ẹyọ kan tó tó máíkírómítà 3 sí 5 pò mọ́ Li6PS5Cl tí patíkù rẹ̀ kò ju 1 lọ, ní ìwọ̀n bíi 70 sí 27, kí ẹ fi 3 sílẹ̀ fún káábọ́nì. Káábọ́nì olókùn ni kí ẹ lò. Káábọ́nì dúdú onílẹ́bú ní ojú tó pọ̀ jù, gbogbo ojú yẹn ló sì jẹ́ ibi tí ẹlẹ́kítírọ̀nù ti ń jẹ súlífáìdì. NMC811 tún máa ń sún kì nígbà tí ṣáájì bá kọjá bíi 4.2 V, á já kúrò lára ẹlẹ́kítíróláìtì, ìdí kan sì nìyẹn tí ìyípo àkọ́kọ́ fi ń pàdánù iná púpọ̀.

Bí ẹ ṣe máa tò ó: mílígíráàmù 100 Li6PS5Cl nínú mọ́ọ̀dù mílímítà 10 á fún yín ní bíi 0.75 mm. Ẹ tẹ́ kátóòdù sórí rẹ̀, kí ẹ tẹ méjèèjì ní 370 MPa, bíi tọ́ọ̀nù 3. Lítíọ́mù ló kẹ́yìn. Ẹ gbé e sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní 25 MPa fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kí ó lè fara mọ́ ọn, kí ẹ sì dín in kù sí 5. Ẹni tó bá fi lítíọ́mù sí i kó tó tẹ 370 yóò bá ṣọ́ọ̀tì nínú mọ́ọ̀dù. Ọ̀rinrin máa ń sọ súlífáìdì di H2S, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tó sì lè pa èèyàn. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ dá iṣẹ́ dúró.

Bí ẹ kò bá fẹ́ kun awọ, Li3YCl6 àti irú rẹ̀ (ẹlẹ́kítíróláìtì líle tó ní kílórínì) tó jáde ní 2018 lè dúró lápá kátóòdù ní 4 V láìsí LiNbO3, àmọ́ lítíọ́mù yóò jẹ wọ́n. Ẹ fi Li6PS5Cl sáàárín. Ẹ ṣọ́ra fún Li3InCl6, torí ó máa ń jà pẹ̀lú súlífáìdì náà.

Ohun kan tó kù tó ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ jẹ́: bí ẹ bá fi índíọ́mù àti lítíọ́mù ṣe ánóòdù (apá òdì bátìrì) láti fi dán kátóòdù wò, fóltéèjì rẹ̀ jẹ́ 0.62 V lókè lítíọ́mù. Ẹ̀rọ ìdánwò kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti gba 4.2 V sí lítíọ́mù, 3.58 V ni kí ẹ tẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ 4.2 ti gbé NMC rẹ̀ dé 4.82, yóò sì máa bú LiNbO3 pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ rí i pé índíọ́mù pọ̀ ju lítíọ́mù lọ, torí bí índíọ́mù bá tán, 0.62 yẹn kò ní dúró mọ́.